Òǹkọ̀wé Láàrin Orúnkún Ìyá Rẹ̀

Wọ́n ń sọ ọ́ kiri àdúgbò pé onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tèmi há òǹkọ̀wé kan mọ́ àárín orúnkún, pé kò jẹ́ kó dìde àfi bó bá yí ìwé rẹ̀ padà. Mo gba ìdajì ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Apá ti orúnkún ni mo gbà gbọ́, nítorí èmi náà ti jókòó síbẹ̀ rí, mo sì mọ̀ pé àánú Ọlọ́run ló ń yọ èèyàn níbẹ̀. Apá ti ìwé, pákó tó wà láàrin ṣọ́ọ̀bù wa ló jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Kí Ọlọ́run má ka etí sí mi lọ́rùn.

(Ṣọ́ọ̀bù onídìrí, lọ́sàn-án. Dígí kan lára ògiri, àga kan, àpótí kékeré kan níwájú àga náà. Onídìrí jókòó sórí àga. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, òǹkọ̀wé, jókòó sórí àpótí. Irun rẹ̀ rí wúruwùru. Orí rẹ̀ wà láàrin orúnkún ìyá rẹ̀, ìdì ìwé wà lórí itan rẹ̀.)

ONÍDÌRÍ: Ìgbà wo ni òòyà kan orí yìí kẹ́yìn?

ÒǸKỌ̀WÉ: Mo ń kọ̀wé, Màmá.

ONÍDÌRÍ: Ṣé orí lo fi ń kọ ọ́ ni, àbí ọwọ́?

ÒǸKỌ̀WÉ: Orí ni.

ONÍDÌRÍ: Ó hàn.

(Ó ki òòyà bọ irun náà. Òòyà ò kọjá.)

ÒǸKỌ̀WÉ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yára. Ayàwòrán ń dúró dè mí nílé ìtẹ̀wé. Wọ́n fẹ́ fi fọ́tò mi sẹ́yìn ìwé, wọ́n sì fẹ́ gba orí tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ mi. Bí mi ò bá débẹ̀ kí wọ́n tó tilẹ̀kùn lónìí, ìwé ẹlòmíì ni wọ́n máa gbé sórí ẹ̀rọ.

ONÍDÌRÍ: Ìwé ta ni?

ÒǸKỌ̀WÉ: Ti ọkùnrin kan tó kọ̀wé lórí ìtọ́jú adìẹ.

ONÍDÌRÍ: Ìyẹn wúlò.

(Òǹkọ̀wé fa ìdì ìwé rẹ̀ mọ́ra.)

ONÍDÌRÍ: Mi ò sọ pé tìrẹ ò wúlò. Mo ní adìẹ wúlò.

ÒǸKỌ̀WÉ: Màmá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ìwé yìí. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ní bí ti adìẹ bá fi lè gorí ẹ̀rọ, òun ò mọ ìgbà tó máa tún kàn mí. Ó lè má kàn mí mọ́.

ONÍDÌRÍ: Ó máa kàn ọ́, lágbára Ọlọ́run. Orí mélòó ló kù?

ÒǸKỌ̀WÉ: Ó ku orí kan.

ONÍDÌRÍ: Òun náà ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Jókòó jẹ́ẹ́. Kà á sí mi létí, bíi ti ìgbà yẹn.

ÒǸKỌ̀WÉ: Mi ò kì í ka ìwé mi sókè fún èèyàn mọ́.

ONÍDÌRÍ: Ta ló gbé ọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yìí, tó fi ìwé lé ọ lọ́wọ́, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń sá kiri nínú ẹrẹ̀?

ÒǸKỌ̀WÉ: Ẹ̀yin ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìwé. Àwọn oníbàárà yín kì í jẹ́ kí orí wọn dúró lójú kan, ẹ wá rí i pé ẹni tó bá ń gbọ́ ìtàn kì í mi orí.

ONÍDÌRÍ: Ọgbọ́n tí Ọlọ́run fún mi nìyẹn. Àwọn onídìrí yòókù ń fi òòyà gbá oníbàárà lórí. Tèmi ń jókòó bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àpótí.

ÒǸKỌ̀WÉ: Mi ò bá yín jà. Mo gbádùn ẹ̀. Kò sí ohun tí mi ò kà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Mo ka ìwé orin, mo ka páálí ọṣẹ, mo ka ohun tí wọ́n kọ sára ike ìpara.

ONÍDÌRÍ: O ka ike ìpara sí ìyàwó àlùfáà létí títí ó fi sùn.

ÒǸKỌ̀WÉ: Nígbà tó jí, ó ní kí n tún un kà.

ONÍDÌRÍ: Ó ní ohùn rẹ tù ú lára. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ náà. Mo ní ọmọ mi máa ka ìròyìn lórí rédíò.

ÒǸKỌ̀WÉ: Mi ò ka ìròyìn.

ONÍDÌRÍ: O ò kà á. Ó ń dun ìyàwó àlùfáà títí dòní.

(Òòyà kọjá. Onídìrí pín irun náà láti iwájú lọ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di apá ọ̀tún ní ńláńlá.)

ÒǸKỌ̀WÉ: Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé irun àwọn oníbàárà yín máa ń pọ̀ ju ìwé lọ.

ONÍDÌRÍ: Báwo?

ÒǸKỌ̀WÉ: Ìtàn á tán, irun ò ní tíì tán. Ẹ ó wá wò mí báyìí.

(Ó fẹ́ yíjú padà kó lè fi ojú náà hàn án. Orúnkún ò gbà.)

ÒǸKỌ̀WÉ: Ẹ mọ ojú yẹn. Mo wá ń bá a lọ.

ONÍDÌRÍ: O ń bá kí ni lọ?

ÒǸKỌ̀WÉ: Ìtàn náà. Màá máa wo ojú ìwé tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, màá máa kà á.

ONÍDÌRÍ: Kí lo wá ń kà níbẹ̀?

ÒǸKỌ̀WÉ: Ohun tó bá ti wá sí mi lọ́kàn. Bí mo bá rí i pé kéékèèké lẹ̀ ń dì, mo mọ̀ pé ó máa pẹ́, màá rán àwọn èèyàn inú ìtàn lọ sí ìrìn àjò. Bó bá jẹ́ ńláńlá, wọ́n á pàdé ara wọn lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ bá ti nawọ́ sí ìpara, mo mọ̀ pé ó ti bùṣe, màá yáa jẹ́ kí wọ́n ṣègbéyàwó.

(Ọwọ́ onídìrí dúró.)

ONÍDÌRÍ: Dúró ná. Opó tó gbààwẹ̀ fún àwọn olè tó jà á lólè ńkọ́?

ÒǸKỌ̀WÉ: Ìwé sọ pé wọ́n jà á lólè. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí.

ONÍDÌRÍ: Ààwẹ̀ yẹn ńkọ́?

ÒǸKỌ̀WÉ: Olórí ẹgbẹ́ akọrin lẹ̀ ń dì lọ́jọ́ náà. Irun rẹ̀ pọ̀.

ONÍDÌRÍ: Ọ̀kan nínú àwọn olè náà padà wá. Ó ronú pìwà dà, ó ń lu agogo ní ṣọ́ọ̀ṣì.

ÒǸKỌ̀WÉ: Ìpàkọ́ rẹ̀ lẹ ti dé nígbà yẹn.



ONÍDÌRÍ: Mo fi olè yẹn ṣe ẹ̀kọ́ níwájú ẹgbẹ́ àwọn ìyá.

ÒǸKỌ̀WÉ: Mo mọ̀.

ONÍDÌRÍ: Àwọn èèyàn sunkún.

ÒǸKỌ̀WÉ: Mo wà níbẹ̀.

ONÍDÌRÍ: Obìnrin kan dìde níbẹ̀, ó ní òun ti dárí ji ìyá ọkọ òun. Mo ní, "Ẹ lọ kà á, ó wà nínú ìwé."

ÒǸKỌ̀WÉ: Ṣé wọ́n lọ kà á?

ONÍDÌRÍ: Wọ́n gbà mí gbọ́. Ẹni tó bá gbà ọ́ gbọ́ kì í lọ yẹ ìwé wò. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?

ÒǸKỌ̀WÉ: Ẹ ò bi mí. Ohun tẹ́ ẹ máa ń sọ ò ju "Kà á lọ."

(Onídìrí ronú sí i. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dì.)

ONÍDÌRÍ: Ó dáa. Ohun tó mú kí ìyàwó dárí ji ìyá ọkọ, mi ò ní bá a jà. Ka èyí tí o kọ fúnra rẹ.

ÒǸKỌ̀WÉ: Obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì ni. Òun ló tọ́ àbúrò rẹ̀, òun ló kọ́ ọ níṣẹ́ búrẹ́dì. Nígbà tí àbúrò mọ iṣẹ́ tán, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

ONÍDÌRÍ: Níbo?

ÒǸKỌ̀WÉ: Ní òdìkejì títì.

(Onídìrí gbójú sókè. Láti ẹnu ọ̀nà, èèyàn lè rí ṣọ́ọ̀bù onídìrí mìíràn ní òdìkejì títì. Ó tún gbójú wálẹ̀.)

ONÍDÌRÍ: Irú àbúrò wo nìyẹn?

ÒǸKỌ̀WÉ: Nínú ìwé ni, Màmá.

ONÍDÌRÍ: Mo mọ̀ pé nínú ìwé ni. Mo ní irú àbúrò wo ni. Kà á lọ.

ÒǸKỌ̀WÉ: (Ó ń kà á.) "Òjò ọjọ́ náà ń rọ̀ bí ẹni pé ẹni tó ń rọ̀ ọ́ ti gbàgbé ara rẹ̀. Oníbúrẹ́dì ti ti ìlẹ̀kùn. Ó ń po ìyẹ̀fun tó máa fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Orúnkún ọ̀tún ń ro ó."

ONÍDÌRÍ: Orúnkún wo?

ÒǸKỌ̀WÉ: Ọ̀tún.

ONÍDÌRÍ: Tèmi, òsì ni.

ÒǸKỌ̀WÉ: Mo mọ̀. Mo yí i padà ni.

ONÍDÌRÍ: O ṣeun.

ÒǸKỌ̀WÉ: "Ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Oníbúrẹ́dì ò bèèrè pé ta ni. Èèyàn kì í gbàgbé bí ọmọ ìyá rẹ̀ ṣe ń kanlẹ̀kùn. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ní, 'Ẹni tó bá ti ní ìyẹ̀fun tirẹ̀, kí ló tún ń wá lọ́dọ̀ mi?'"

ONÍDÌRÍ: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

ÒǸKỌ̀WÉ: Oníbúrẹ́dì.

ONÍDÌRÍ: Èmi ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

ÒǸKỌ̀WÉ: Ohun tẹ́ ẹ máa ń sọ ni, "Ẹni tó bá ti ní òòyà tirẹ̀."

ONÍDÌRÍ: Bẹ́ẹ̀ ni. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

(Òǹkọ̀wé fọwọ́ kan irun rẹ̀.)

ÒǸKỌ̀WÉ: Màmá, ńláńlá lẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti di kéékèèké.

ONÍDÌRÍ: Irun ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

ÒǸKỌ̀WÉ: Ẹ fẹ́ kí ìtàn náà pẹ́ ni.

ONÍDÌRÍ: Ṣé ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n fà ni? Kà á lọ.

ÒǸKỌ̀WÉ: "Àbúrò ń kanlẹ̀kùn. Kò pariwo, kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń kanlẹ̀kùn bí ẹni tó ní àyè. Oníbúrẹ́dì nu ojú, ó fi ìyẹ̀fun kun ojú. Ó dé ìdí ìlẹ̀kùn. Ó fi ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun di kọ́kọ́rọ́ mú."

(Ó to ìwé náà pọ̀ lórí itan.)

ONÍDÌRÍ: Ẹ̀n-ẹ́n?

ÒǸKỌ̀WÉ: Ó tán.

ONÍDÌRÍ: Kò tán. Ó di kọ́kọ́rọ́ mú.

ÒǸKỌ̀WÉ: Ibẹ̀ ló parí sí.

ONÍDÌRÍ: Ẹni tó bá di kọ́kọ́rọ́ mú, ó ní ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó ṣílẹ̀kùn àbí kò ṣí i?

ÒǸKỌ̀WÉ: Mo fi sílẹ̀ fún òǹkàwé.

ONÍDÌRÍ: Òǹkàwé wo?

ÒǸKỌ̀WÉ: Ẹni tó bá ń kà á.

ONÍDÌRÍ: Ẹni tó wá ra ìwé lọ́wọ́ rẹ, o tún fẹ́ fiṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Èmi ńkọ́, tí mo bá di irun oníbàárà dé ìdajì, tí mo ní kó fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó bá pàdé lọ́nà?

ÒǸKỌ̀WÉ: Ìwé yàtọ̀ sí irun.

ONÍDÌRÍ: Ní ìgbà tó ò tíì ju àpótí yìí lọ, o ń fún opó lọ́kọ kí n tó mú ìpara. O sọ olè di alágogo nítorí pé irun olórí akọrin pọ̀. Ní báyìí tí o ti dàgbà, tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ, o ò lè ní kí èèyàn ṣí ìlẹ̀kùn.

(Onídìrí ti di apá ọ̀tún tán. Ó gbé òòyà lé orí itan rẹ̀.)

ÒǸKỌ̀WÉ: Màmá, apá òsì ló kù.

ONÍDÌRÍ: Mo rí i. Bírò wà lẹ́yìn dígí yẹn. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ṣí i, kí n di apá òsì, kí o máa lọ.

ÒǸKỌ̀WÉ: Wọ́n máa tilẹ̀kùn ilé ìtẹ̀wé.

ONÍDÌRÍ: Kó tètè ṣí tirẹ̀ nígbà náà.

ÒǸKỌ̀WÉ: Ṣé ẹ mọ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka ohun tí kò sí nínú ìwé?

ONÍDÌRÍ: Ọjọ́ olórí akọrin.

ÒǸKỌ̀WÉ: Ó ti ṣáájú ìyẹn. Kò sí oníbàárà kankan níbí lọ́jọ́ náà. Òjò ń rọ̀. Àǹtí, àbúrò yín, dúró síta, wọ́n ń kanlẹ̀kùn yìí. Ẹ ní kí n jókòó, kí n máa kàwé.

ONÍDÌRÍ: Mo fẹ́ kí o mọ̀wé ni.

ÒǸKỌ̀WÉ: Ẹ ní kí n kà á sókè.

(Onídìrí ń wo ìlẹ̀kùn.)

ÒǸKỌ̀WÉ: Mo kà á sókè. Ìwé tán, Àǹtí ò tíì dáwọ́ dúró. Ẹ ní, "Kà á lọ." Mo bá ń kà á lọ. Mò ń kó èèyàn wọnú ìtàn, mò ń kó wọn jáde, títí Àǹtí ò fi kanlẹ̀kùn mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, Màmá. Kì í ṣe lọ́dọ̀ olùkọ́.

(Alùpùpù kan kọjá ní títì.)

ONÍDÌRÍ: Ìtàn ọjọ́ náà dùn.

ÒǸKỌ̀WÉ: Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?

ONÍDÌRÍ: Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀. Ìkànlẹ̀kùn ni mò ń gbọ́.

ÒǸKỌ̀WÉ: Kí ló dé tẹ́ ò dìde?

ONÍDÌRÍ: Mo dìde. Kí n tó débẹ̀, ó ti lọ. Orúnkún ni.

ÒǸKỌ̀WÉ: Orúnkún yín ò tíì máa dùn yín nígbà náà.

ONÍDÌRÍ: Ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

ÒǸKỌ̀WÉ: Láti ọjọ́ yẹn ńkọ́?

ONÍDÌRÍ: A máa ń kíra. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí àlùfáà bá ti ní kí a kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

ÒǸKỌ̀WÉ: Ẹ kì í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín.

ONÍDÌRÍ: A máa ń kí ẹni tó wà láàrin. Òun náà mọ̀.

(Òǹkọ̀wé rẹ́rìn-ín díẹ̀. Onídìrí ò rẹ́rìn-ín.)

ONÍDÌRÍ: Gbọ́, ọmọ mi. Èmi ni mi ò ṣí i. Oníbúrẹ́dì yẹn ò ṣẹ̀ ọ́. Má fi tèmi jẹ ẹ́ níyà. Jẹ́ kó ṣí i.

ÒǸKỌ̀WÉ: Bí mo bá ní ó ṣí i, ẹ̀yin ò ní ṣí i mọ́. Ẹ ó gbé ìwé náà lọ fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ẹ ó fi ṣe ẹ̀kọ́, gbogbo wọn á sunkún, ẹ ó sì padà wá jókòó síbí, ẹ ó máa wo òdìkejì.

ONÍDÌRÍ: Kí ló burú nínú pé kí n fi ṣe ẹ̀kọ́?

ÒǸKỌ̀WÉ: Òǹkàwé kan ṣoṣo ni mo fi ìparí yẹn sílẹ̀ fún, Màmá.

ONÍDÌRÍ: Òǹkàwé kan ṣoṣo ò lè gbọ́ bùkátà òǹtẹ̀wé.

ÒǸKỌ̀WÉ: Àǹtí wà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn báyìí. Wọn ò ní oníbàárà. Ẹ sọdá, ẹ kanlẹ̀kùn. Bẹ́ẹ bá ti sọdá, màá kọ ọ́ síbẹ̀ lójú yín: ó ṣí i.

ONÍDÌRÍ: Mo ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

ÒǸKỌ̀WÉ: Iṣẹ́ wo?

ONÍDÌRÍ: Irun rẹ.

ÒǸKỌ̀WÉ: Ẹ ti gbé òòyà sílẹ̀.

ONÍDÌRÍ: Mo ń sinmi ni.

ÒǸKỌ̀WÉ: Ẹ wá dì í fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò lè gbé ìdajì orí lọ ya fọ́tò.

ONÍDÌRÍ: Ìwọ náà ò lè gbé ìdajì ìtàn lọ tẹ̀.

ÒǸKỌ̀WÉ: Àǹtí ì bá ti dì í tán. Wọ́n yára lọ́wọ́.

ONÍDÌRÍ: Irun tí wọ́n bá yára dì, á yára tú. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo sọ fún un nígbà náà, kò gbọ́. Ó ní òun ò fẹ́ kí sùúrù oníbàárà tán. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó máa ń jókòó síbi tí o jókòó sí yìí gan-an, á máa ní...

(Òǹkọ̀wé dìde. Ó ya orúnkún náà lẹ́nu. Ó kó ìwé rẹ̀ sábẹ́ abíyá.)

ONÍDÌRÍ: Níbo lò ń lọ? Mo ṣì ń sọ̀rọ̀.

ÒǸKỌ̀WÉ: Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá.

ONÍDÌRÍ: Ilé ìtẹ̀wé kọ́ lo kọrí sí. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni ilé ìtẹ̀wé.

(Òǹkọ̀wé ti bọ́ sí títì. Apá ọ̀tún orí rẹ̀ ń dán, apá òsì dúró bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀rù bà. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ọwọ́ òsì, ó sọdá. Ó kan ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òdìkejì. Wọ́n ṣí i kíá, bí ẹni pé èèyàn ti wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn náà tipẹ́.)

(Onídìrí dìde. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, òòyà lọ́wọ́. Ó gbóhùn sókè kó lè dé òdìkejì títì.)

ONÍDÌRÍ: Sọ fún un pé kéékèèké ni mo dì í. Kó fi gíláàsì rẹ̀ sójú.